Àwọn Kọ́mà Tí O Kọ̀ Sílẹ̀

                                        14, Òpópónà Bọ́lárìnwá,
                                            Sùúrùlérè,
                                                Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 1976.

Ethel, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Olúwa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìwọ gan-an ni mo sì ń bínú sí. Jíbówú kò jìnnà sí mi. N kò wá fúnra mi torí ẹnu mi kò dára lọ́sẹ̀ yìí.

O mọ̀ pé ipò olórí atẹ̀wé ṣí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa láti ìgbà tí Ìyá Àmúdàtù ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé èmi ló kàn. Wọ́n ra ẹ̀rọ táìpù oníná, wọ́n sì fi lẹ́tà kan dán wa wò lórí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi àti ìwọ nílé ẹ̀kọ́ táìpù ní Yábàá: àdírẹ́sì ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn lápá ọ̀tún, kọ́mà ń parí ìlà, àyè méjì ń tẹ̀ lé àmì ìdánudúró. Ṣé o rántí rúlà Mísíìsì Caroline, olùkọ́ wa, lórí ìka wa bí a bá gbàgbé kọ́mà tàbí tí a fi àyè kan péré sílẹ̀? Ìwọ lo máa ń sunkún jù.

Ọ̀gá wa fi gègé pupa fa igi sí gbogbo rẹ̀. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé apá òsì ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, pé ẹ̀rọ tuntun ń sáré, kọ́mà inú àdírẹ́sì kàn ń dá a dúró ni. Ló bá gbé ipò náà fún Kíkẹ́ tó dé lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n jókòó tì í kó máa kọ́ mi. Èmi tí mo fi ibi omi mímu hàn án lọ́jọ́ tó dé.

Mo bi Kíkẹ́ pé ta ló kọ́ ọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mísíìsì Ethel ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní táìpù ní Jíbówú. Wọ́n ní ìlànà tuntun yìí ni gbogbo ọ́fíìsì máa gbà láìpẹ́."

Ethel, o mọ̀. Odidi ọdún kan lo fi ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ò sọ fún mi. Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde?

N kò ní jókòó ti Kíkẹ́. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣí yàrá ẹ̀rọ rẹ sílẹ̀ dè mí. Bí ẹnì kan yóò bá gba kọ́mà lọ́wọ́ mi, ìwọ tí a jọ jẹgba nítorí rẹ̀ ni kó gbà á. Má wulẹ̀ dáná dè mí, inú á ṣì máa bí mi.

Bá mi kí Gbádé, àkọ́bí rẹ. Òun kò ṣẹ̀ mí.

Èmi ṣì ni tìrẹ,
Làbákẹ́.