Àárín Àga Ọkọ̀ Bàbá

Kambolé, ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀ǹgàríbà

Òní ni Ìyá parí tákàbà, tó bọ́ aṣọ opó Bàbá sílẹ̀. Mo ti rò pé inú rẹ̀ á dùn sí ohun tí mo ṣe.

Àga gbọọrọ kan ló wà níwájú báṣé Bàbá, ọkọ̀ tó fi ń kó iṣu. Fóòmù rẹ̀ ti jẹ, irin ń gún ni nídìí. Nígbà tí opó kò jẹ́ kí Ìyá jáde, mo lọ ra àga ẹlẹ́nìkan méjì ní Komah, lára ọkọ̀ kan tí wọ́n ń tú tà. Ihò bóòtù wọn kò bá ti ọkọ̀ wa mu, ni mẹkáníìkì bá jó wọn mọ́ irin ilẹ̀ ọkọ̀. Mo ní kó da àga àtijọ́ nù.

Láàárọ̀, a fẹ́ lọ kí ẹbí Bàbá ní Koussountou. Mo ṣílẹ̀kùn, Ìyá kò wọlé.

"Àga wa dà?"

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, Ìyá. Èyí rọ̀ jù ú lọ."

Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé àlàfo tó wà láàárín àga méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí èjìká rẹ̀ á kan ti Bàbá, tí èmi á wà létí ilẹ̀kùn.

"Ó rọ̀ lóòótọ́," ló wí. "Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n jíà kejì ni mo fi wa ọkọ̀ dé Koussountou, kí n má baà pààrọ̀ jíà, kí n sì ní kó gbé ọwọ́ náà kúrò.