Yà Sí Òsì Níbi Ààrò Bàbá Allal

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹrin

Ohun tó bàjẹ́ lónìí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí inú mi tó rọ̀:

Àwọn àlejò márùn-ún láti ìlú Sfax ní Túnísì jáde lágogo mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n fẹ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pa awọ láró. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Mẹ́rin nínú wọn padà dé lágogo márùn-ún kọjá, kálukú láti ọ̀nà tirẹ̀. Ẹnì karùn-ún, Ìyáàfin Souad, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin – ibi tí wọ́n ń so ìbaaka mọ́ la ti rí i. Ó jókòó lórí gàárì, ó ń jẹ ọsàn. Ó ní òun kò sọnù, pé ilé wa ló sọnù.

Máàpù orí fóònù kò wúlò fún ìlú yìí. Ó gbé ilé wa sórí mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún gbogbo àlejò ní káàdì. Ohun tó wà lórí rẹ̀ rèé: "Láti Ẹnubodè Guissa, sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Yà sí òsì níbi ààrò Bàbá Allal. Ilẹ̀kùn kẹta, èyí tó ní ọwọ́ idẹ."

Kò sí ààrò Bàbá Allal. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti tì í pa. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó mọ̀: èmi. Mbarka tó ń dáná fún wa. Driss ẹ̀gbọ́n mi ní Kasabláńkà. Aránṣọ tó wà lódìkejì. Gbogbo àdúgbò, àti àwọn ìbaaka.

Ẹni tó yẹ káàdì náà wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé: èmi. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń darí okòwò. Mo ka "ààrò Bàbá Allal", mo sì rí i pé ó dára. Kò sẹ́ni tó ń pe ibẹ̀ lórúkọ mìíràn. Onífóònù gan-an, bí o bá bi í pé ibo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, á ní inú ààrò.

Ẹni tí kò mọ̀: Alága.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Káàdì tuntun. "Yà sí òsì níbi ṣọ́ọ̀bù fóònù." Àádọ́ta ẹ̀dà. Mo kó wọn sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ìṣòro tán.

Ọjọ́rú, 17

Ìṣòro kò tán.

Tọkọtaya kan nínú wọn lọ wo ilé ìwé àtijọ́, wọ́n sì jáde sí ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà, wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó rí ọ̀nà. Mo gba káàdì ọwọ́ wọn. Wọ́n ti fi bírò búlúù fa ìlà pa "ṣọ́ọ̀bù fóònù". Lókè rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó kọ́ èmi fúnra mi ní ìwé: "ààrò Bàbá Allal". Mo sáré lọ wo àwọn tó kù lórí tábìlì. Gbogbo wọn pátá. Ó fara balẹ̀ ṣe é.

Alága ni Lalla Zhor, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Abẹ́ igi ọsàn nínú àgbàlá ni àga rẹ̀ wà, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí àlejò tó lè wọlé tàbí jáde láìkọ́kọ́ jíṣẹ́ fún un. Ìgbáròkó rẹ̀ dá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò tíì jáde nílé láti ìgbà náà.

Ọ̀sẹ̀ tó wà nílé ìwòsàn ni Bàbá Allal kú. Ogójì ọdún ló fi ń bá ilé wa yan búrẹ́dì. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tó ń fi sára ìyẹ̀fun tó ti pò kó tó gbé e lọ sí ààrò, kí búrẹ́dì ilé kan má bàa dà pọ̀ mọ́ ti òmíràn. Ìlà mẹ́ta ni tiwa. Ṣùgbọ́n èyí tí Alága máa jẹ, Bàbá Allal máa ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ àárín rẹ̀ kó tó tì í sínú iná. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lé e lórí rí. Òun ní ìyàwó, Alága ní ọkọ. Wọ́n kan ń tẹ búrẹ́dì ni.

Dókítà ní ká má sọ ohun tó lè bà á lọ́kàn jẹ́. Driss ní ká dúró dìgbà tó bá lè rìn. Kò rìn. A ṣì ń dúró. Láràárọ̀, Mbarka á gbé ìyẹ̀fun lọ sí ààrò mìíràn, á gbé búrẹ́dì padà, á ní, "Bàbá Allal ní kí n kí yín." Alága á ní, "Mo gbọ́."

Mo bi í ní ìrọ̀lẹ́ yìí pé kí ló dé tó fi kọ nǹkan sórí káàdì mi.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa fi ibi tí ààrò wà hàn mí? Wọn ò tíì bí ẹ, wọn ò tíì bí bàbá ẹ, ààrò yẹn ti wà níbẹ̀."

Mo ní, ẹ ṣeun, ma.

Ọjọ́bọ̀, 18

Fóònù méjì.

Àkọ́kọ́, Raja, obìnrin tó ń kó àlejò wá fún mi láti Túnísì. Àwọn mọ́kàndínlógún mìíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó ní ìyàwó tó sọnù lánàá ti pe òun, ó ń sunkún. Ó ní, "Ibtissam, mo fẹ́ràn ilé yín, ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹnì kan bá tún sọnù, òtẹ́ẹ̀lì tí bọ́ọ̀sì ń dé ẹnu rẹ̀ ni mò ń kó wọn lọ." Mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kì bá tí fún un ní àǹfààní kan sí i.

Èkejì, Driss, tí mo ń pè ní Ká-tà-á. Ó ní, "Ṣebí mo sọ? Bí àlejò ò bá wá, kí lo fẹ́ fi tún òrùlé ṣe? Jẹ́ ká tà á. Kí Lalla máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa." Ọ̀dọ̀ wọn: àjà kẹrin, kò sí àgbàlá, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Mo ní, "Ta ló máa sọ fún un?" Ó ní, "Ká dúró ná."

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Mo pinnu láti dán an wò fúnra mi. Mo mú káàdì kan tí Alága ti tún ṣe, mo lọ sí Ẹnubodè Guissa, mo sì bá ara mi ṣe àdéhùn: ohun tí káàdì bá wí nìkan ni kí n ṣe. Bí n kò bá fojú rí ààrò, n kò gbọdọ̀ yà.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dé ṣọ́ọ̀bù fóònù. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà fúnra rẹ̀, mo kọ̀ fún un. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nígbà tó yá mo gbóòórùn búrẹ́dì – ààrò, iná ń jó nínú rẹ̀. Mo yà sí òsì. Ilẹ̀kùn kẹta. Ọwọ́ idẹ wà lára rẹ̀. Mo kanlẹ̀kùn.

Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀. "Ta lẹ ń wá?"

"Ilé wa."

"Ilé yín dà?"

"Níbi ààrò."

"Ààrò rèé."

Ó wò mí tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó ní kí n wọlé, pé oòrùn lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Jímọ̀ ni, kuskus ti wà nílẹ̀, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ pé n kò jẹ. Mo jẹ. Nígbà tí mo jáde, n kò mọ ọ̀nà. Ìlú tí wọ́n bí mi sí. Mo béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, wọ́n fi ọ̀nà mẹ́ta hàn mí, gbogbo wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún àjèjì níbí pé òun kò mọ̀. Ó jọ pé èèyàn tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Mo ti ń fi ọ̀nà han àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún.

Àwọn ìbaaka ni mo tẹ̀ lé padà. Aránṣọ rí mi bí mo ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ Hajj Tayeb! Ṣé àlejò ti wá pọ̀ nílé yín débi tẹ́ ẹ fi di ọ̀kan nínú wọn ni? Kí lẹ ń wá?"

Mo ní, "Ààrò."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì wá sún mọ́ mi. "Ṣé ẹ ò tíì sọ fún un?"

"A ń dúró ni."

Ó padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Mo pe àwọn àlejò jọ lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo àlejò: bí ìyá àgbà bá béèrè Bàbá Allal, ẹ ní ara rẹ̀ le. Àwọn mẹ́rin gbà. Ìyáàfin Souad ní òun fi ọdún márùndínlógójì máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé, òun kì í fọwọ́ sí ohun tí òun kò rí.

Obìnrin yìí máa yọ mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Ohun kan wá sí mi lọ́kàn níbi oúnjẹ àárọ̀. Ihò ṣì wà láàárín búrẹ́dì Alága. Mo lọ bá Mbarka ní ilé ìdáná. "Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò rántí. Ó ní inú òun kún, kò jẹ ẹ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló ní kí n má ṣe é?" Ó ń gé àlùbọ́sà lọ. "Ẹ ní kí n máa sọ pé ó kí i. Èyí tí mo máa kí lásán láìtẹ búrẹ́dì, ṣé ìkíni Bàbá Allal nìyẹn?"

Ọdún mẹ́fà. Èmi ni mo kọ gbogbo iṣẹ́ Mbarka sílẹ̀ nígbà tí a ṣí ilé àlejò. Ìyẹn kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún Alága lẹ́yìn oúnjẹ. N kò sọ. Lẹ́yìn ìrun. N kò sọ. Èmi tí mo máa ń bínú sí òṣìṣẹ́ tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún falẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Ìyáàfin Souad jáde lágogo mẹ́jọ pẹ̀lú káàdì bírò búlúù. Òun nìkan. Alága ló fi káàdì náà lé e lọ́wọ́, Mbarka rí i.

Agogo méjìlá, kò dé. Agogo méjì, kò dé. Fóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rán èèyàn sí ibi ìbaaka, sí àwọn alágbẹ̀dẹ, sí ẹnubodè mẹ́rin. Mo ń ronú ohun tí màá sọ fún Raja. Mo ń ronú àjà kẹrin. Alága jókòó sábẹ́ igi ọsàn, kò béèrè nǹkan kan, kò sì gbé ojú kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Agogo mẹ́rin, ó wọlé. Eruku dé orúnkún. Mo sáré pàdé rẹ̀, ó fi ọwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa àpótí, ó jókòó níwájú Alága bí ẹni fẹ́ ka èsì ìdánwò.

"Lalla, ààrò mẹ́rin ni mo dé. Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì ní gbogbo wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ ti Bàbá Allal. Ibi tí ẹ wí, ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ń tú fóònù. Ó ní bàbá ìyàwó òun ni Bàbá Allal. Ìyàwó náà ní kí n jókòó jẹun. Ó ní bàbá òun ti kú."

Mbarka jáde láti ilé ìdáná, ó dúró.

Alága ní, "Ọjọ́ wo?"

"Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n wí. Mi ò béèrè ọjọ́."

"Ibtissam." Kò yíjú sí mi. "Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ma. Lẹ́yìn ìrun Alásárì."

Ó mi orí. "Mo rí i pé ihò yẹn ti kéré. Mo ní yálà ó ti kú, tàbí nǹkan ti ṣe ọwọ́ rẹ̀. Mo bá gbà pé ọwọ́ ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀."

Mbarka fi ọwọ́ tirẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ ìborùn.

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń kọ ọ́ sórí káàdì, ma?"

"Ta lo fẹ́ kí n rán? Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ìkíni òkú wá fún mi láràárọ̀? Àlejò ni mo rán. Àlejò ò mọ ohun tá a jọ ń fi pa mọ́ nílé yìí. Ẹni tó bá wá ààrò tì, á padà wá sọ fún mi. Àfi kó o máa ká wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ó fi ọwọ́ kan orúnkún Ìyáàfin Souad. "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́."

Ìyáàfin Souad yíjú sí mi. "Ẹ sọ fún Raja pé mi ò sọnù. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Èmi náà á pè é. Ṣùgbọ́n ẹ tún káàdì yẹn ṣe kí àwọn tó ń bọ̀ tó dé."

Alága kò jẹun. Mbarka gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀ láìkí i.

Ọjọ́rú, 24

Àárọ̀ yìí Alága pè mí, ó ní kí n mú ìwé. Ó ti to ohun tó fẹ́ sọ sórí ahọ́n. Ó ní kí Mbarka má ṣe tẹ búrẹ́dì mọ́, kó sì máa jókòó jẹun pẹ̀lú òun. Èyí tó kù kan Driss. Mo ti fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Mo dà á kọ síbí:

"Driss. Lalla ti mọ̀. Àlejò ló sọ fún un, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ lo ní ká dúró dìgbà tó bá lè rìn. Kò ní rìn; ìbaaka ló fẹ́ gùn. Mo ti bá àwọn tó ni ìbaaka sọ̀rọ̀, wọ́n máa mú èyí tí kì í sáré wá. Ó fẹ́ rí ibi tí ààrò wà, ó sì fẹ́ dé ibojì Bàbá Allal lẹ́yìn Ẹnubodè Guissa kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá fojú rí lójú ọ̀nà la máa kọ sórí káàdì, nítorí àwọn mọ́kàndínlógún ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìwọ ni kó di okùn ìbaaka mú, kì í ṣe ẹlòmíràn. Kó o wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lágogo mẹ́wàá àárọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́wàá, kì í ṣe mẹ́wàá ààbọ̀. Ó ti pẹ́ tó o ti wá, kọ̀rọ̀ yìí lè rú ẹ lójú. Bó o bá ṣìnà, ṣọ́ọ̀bù fóònù ni kó o béèrè."