Ọpọlọ Jíìpù Bàbá Yín

Àkọ́bí mi, ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé pọ̀n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́, àti ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ báyìí? Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ kò ní já ọwọ́ rẹ sílẹ̀ o. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni mí. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ, fóònù sì máa ń kán mi lójú.

Ọ̀rọ̀ jíìpù bàbá yín ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti kú, òun ni mo fi ń kó aṣọ iléèwé tí mo bá rán lọ sí òkè lọ́hùn-ún. O mọ̀ bó ṣe gbó tó, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ. Láìpẹ́ yìí ni ìwàkiwà rẹ̀ wá pọ̀ sí i. Bí mo bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo tẹ tọ́tù kó lè sáré, á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò fẹ́ dáhùn, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó rọra gbéra. Epo tó sì ń mu, ọ̀mùtí kan ò lè bá a du ú. Ọjọ́ tó wá kú pátápátá sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lẹ́yìn, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mẹkáníìkì wa, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Rọra nítorí pé kò sí ohun tó máa sọ tí kò ní fi rọra sí i, wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó jí i, ó ní ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan, ọpọlọ rẹ̀ ni. Mo ní ọpọlọ báwo? Ó ní kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ọkọ̀ tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì, pé ìgbà tí bàbá yín fi táyà tó tóbi sí i, tí wọ́n tún ra ẹ́ńjìnnì àlòkù tí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó sọ fún ọpọlọ náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ti ń ru táyà ńlá kiri láti ọjọ́ yìí wá, kò mọ̀! Ni mo bá lọ síwájú ọkọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fẹnu ara mi sọ fún un pé táyà rẹ ti yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ ti yàtọ̀, ọ̀gá rẹ sì ti kú. Mo rò pé ó dáa kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rọra kí mi pé mo ṣeun, ó ní àmọ́ ká ṣì rọra pe ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà gbé kọ̀ǹpútà orí itan dé, pẹ̀lú okùn kan tó kì bọ abẹ́ sítíárìn. Ó ní òun kì í ta ọpọlọ tí wọ́n ti ṣe kalẹ̀, ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lòun máa ń ṣe fún un. Ìyẹn yé mi kíá, ṣebí aránṣọ ni mí. Mo ní kó yáa wọ̀n ọ́n dáadáa, kó má lọ fún un lábíyá. Ó bi mí ní irú epo tí mo ń rà, ẹrù tí mo ń gbé, irú ọ̀nà tí mo ń gbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo tilẹ̀ sọ fún un pé mo máa ń sunkún nínú rẹ̀ nígbà míì tí mo bá ń ti òkè bọ̀, bóyá ọpọlọ náà yẹ kó mọ̀. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tó ní inú fóònù ni ọpọlọ tuntun náà máa gbà wọlé, mo ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé kí wọ́n má pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí ọ̀nà lè ṣófo. Ó ní fóònù tòun ni, kì í ṣe tèmi. Mo ní mo mọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ó tún ní tí okùn bá yọ nígbà tí nǹkan yẹn bá ń wọlé, ọkọ̀ náà lè má jí mọ́. Mo sáré lọ bẹ káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé pé kó dákun gbé ayùn sílẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa mì, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún jíìpù. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì ṣí fìlà.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá náà fi sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán pé ọpọlọ yìí ti kọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà, bó ṣe máa ń tẹ tọ́tù, láti ọjọ́ pípẹ́, pé gbogbo ìyẹn ló máa pa rẹ́. Mo ní ẹsẹ̀ ta ni? Ó ní ẹsẹ̀ ẹni tó bá ti ń wà á ni. Mo fọwọ́ bo ibi tí okùn náà wọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa pa ẹsẹ̀ ọkọ mi rẹ́ lójú mi.

Ó ní kí n fara balẹ̀, òun ti ṣe ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ pamọ́. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ náà wà nínú ẹ̀dà? Ó ronú sí i, kò sì parọ́ fún mi, ó ní rárá, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ló wà níbẹ̀, èyí tó fúnra rẹ̀ kọ́ lójú ọ̀nà ló máa lọ. Ọmọ mi, mo ti pín aṣọ wọn. Bàtà wọn, àbúrò wọn ló kó o. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ibì kan ṣì kù tí ẹsẹ̀ wọn wà, àṣé ó wà lábẹ́ mi níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń kó aṣọ kiri. Mo ní kí ọ̀gá náà ṣàánú mi, kí n wà á lọ sí òkè lẹ́ẹ̀kan sí i bó ṣe wà.

Ọ̀gá náà jókòó tì mí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo tẹ tọ́tù, ọkọ̀ dákẹ́ kó tó gbéra. Mo ní ṣé ó rí i, bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọn kì í kánjú, sùúrù wọn ló kù sínú ọkọ̀ yìí. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó ní kí n má bínú, pé èyí tí mo ń wí yìí kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe sùúrù. Ó ní àìsàn ni. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ń wá èémí, kò rí i tó ni.

Inú bí mi! Díẹ̀ ló kù kí n ní kó sọ̀kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn délé. Àmọ́ mo jókòó síbẹ̀, mo wá ń rántí ọdún tí bàbá yín lò gbẹ̀yìn. O ò sí nílé nígbà náà. Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n á dúró láàárín. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní ojú ọ̀run làwọn ń wò, pé ẹni tó bá ti dàgbà yẹ kó máa wo ojú ọ̀run. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ọkọ mi ti wá ní sùúrù báyìí. Ọmọ mi, kì í ṣe sùúrù. Ó dùn mí wọra.

Mo nu ojú, mo ní kó pa á rẹ́.

Mi ò lè wò ó, mo kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ń fún lábẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí n máa wà á lọ, kí n máa wà á bọ̀, ó ń wò, ó ń dín in níbí, ó ń tú u lọ́hùn-ún, títí tó fi bá a mu. A tún dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dákẹ́ rárá, ó gbé wa dé òkè kí n tó mọ̀. Mo pariwo, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Ohun tó wá mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Nígbà tá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, o ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ, o sì ń dúró láàárín ọ̀rọ̀. O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, kí ni mo mọ̀ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo tilẹ̀ bú àwọn onífóònù. Àmọ́ mo ti bi ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń mí hẹlẹhẹlẹ síni létí. Ó ní rárá o.

O mọ̀ pé ibí yìí nínú ìwé mi ni mo ti máa ń tọrọ owó, òrùlé ilé ìdáná sì ń jò lóòótọ́. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Jẹ́ kó máa jò. Owó tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, gbé e lọ bá dókítà, kó gbọ́ àyà rẹ nígbà tó o bá ń gun àtẹ̀gùn, kì í ṣe nígbà tó o bá jókòó, nítorí jíìpù yìí náà, bó bá dúró sójú kan, kò sóhun tó ṣe é. Má sì sọ fún dókítà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Èémí rẹ ò ní tán lọ́nà. Wàá gun òkè, wàá sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, irun rẹ á funfun bíi tèmi. Ìwọ ni wàá sin mí, èmi ò ní sin ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, mo ń retí ohun tí dókítà bá sọ.