Ọgbà Ìṣeré Tí A Ò Tíì Wọ̀

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Ìyá Pupa,
                                        Òrílé Agége,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹrin, Ọdún 2024.

Ìyá Níyì, Ọládùnní mi tòótọ́,

Báwo ni ara? Báwo ni oòrùn Tẹ́mà ní Gánà lọ́hùn-ún, báwo sì ni atẹ́gùn òkun tí o ní ó ń mú kí irin ilẹ̀kùn yín dógùn-ún? Bàbá Níyì ńkọ́, ṣé yàrá yìnyín àwọn ẹlẹ́ja tí wọ́n ń tún ṣe ò tíì kó òtútù bá wọn? Níyì ńkọ́? Ayọ̀mípọ̀sí ńkọ́? Mo gbọ́ pé eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, tuntun ti ń hù, ẹ kú oríire. Àwa náà wà dáadáa. Ara Nùréènì olówó orí mi le, ara Aisha àti Shuaib le. Ìyá wa, ìyá Nùréènì, náà ń gbádùn, àfi orúnkún wọn tó máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, owó ìpè á ti tán, tàbí kí ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan tó ń ná Accra ní òun á bá mi mú lẹ́tà yìí dé Tẹ́mà, kò sì gba kọ́bọ̀. O mọ̀ mí, nǹkan ọ̀fẹ́ kì í kọjá mi.

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí wọ́ọ̀sáàpù. Mo gbọ́ ọ nílé, mo tún gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ lásìkò oúnjẹ, pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ̀rọ. O ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu tí ó yẹ kí gbogbo wa jọ lọ, ìwọ àti bàbá Níyì kó àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ìṣeré náà. O ti mọ̀ pé a ò lè wá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wọ bàtà. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nawọ́ sí ọ, o wo tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ, o sì sọ fún un pé, “Ìdílé wa ò tíì pé.” O ra áísíkirímù fún àwọn ọmọ, ẹ bá padà sílé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ ò wọlé ní tiyín. N ò bi ọ́ mọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi, n ò ní wọlé náà.

Ṣé o rántí páálí bísíkíìtì àtijọ́ yẹn, èyí tí àwòrán kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí gbé èèyàn lọ sókè wà lára rẹ̀, tí àwọn ọmọ jókòó sínú rẹ̀ lókè, tí wọ́n ń juwọ́? Ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì wa ní Orẹ́gùn, èmi ní apá ọ̀tún bẹ́líìtì tó ń gbé bísíkíìtì kọjá, ìwọ ní apá òsì, odindi ọdún mẹ́rin la fi di bísíkíìtì sínú àwòrán yẹn. Ìwọ lo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí iná lọ tí ẹ̀rọ dúró, pé, “Sùlíyá, àwọn ọmọ tiwa máa gun nǹkan yìí kí wọ́n tó di ẹni tó ń di páálí rẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti pààrọ̀ páálí ọ̀hún báyìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n yà sí i. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló ń dúró níbi tí o máa ń dúró. Láti ìgbà tí o ti bá ọkọ rẹ lọ, mo ṣì máa ń gbójú sókè láti sọ nǹkan fún ọ, kí n tó rí i pé kì í ṣe ìwọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fò sókè nígbà tí o pè mí nínú oṣù kìíní, pé wọ́n ti ṣí ọgbà ìṣeré kan sí ẹ̀yìn Tẹ́mà, pé kẹ̀kẹ́ ńlá wà níbẹ̀. O sì mọ bí mo ṣe jókòó ti ìṣirò. Àwọn tó ń kó ọmọ wọn lọ sí Dùbáì ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, owó físà àti owó òtẹ́ẹ̀lì. Gánà ò gba físà lọ́wọ́ wa, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀, ilé rẹ sì ni òtẹ́ẹ̀lì wa. A fi Sátidé sílẹ̀, a mú Ọjọ́bọ̀, torí pé àárín ọ̀sẹ̀ ni owó ẹnu ọ̀nà wọn máa ń wálẹ̀. Èmi ni mo ní kí o má ra ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé kí o ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́bí, àgbà mẹ́rin àti ọmọ mẹ́ta, kí á jọ wọlé bí ìdílé kan. Ti Shuaib ò sí níbẹ̀, nítorí o ní igi kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tí orí rẹ̀ ò bá tíì kan àmì ara igi náà, ọ̀fẹ́ ló máa wọlé. Mo ní kí o bá mi wọn gíga àmì náà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ilẹ̀kùn wa. Ó ku bí ìka kan kí orí Shuaib kàn án. Nùréènì wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kì í fún ọmọ lẹ́yin mọ́ kó má baà ga. Irọ́ ló ń pa, mò ń fún un.

Bọ́ọ̀sì ló wá kù. Ilé-iṣẹ́ kan ní Maryland ní ẹni tó bá ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀ ní oṣù kan ṣáájú, àwọn á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ kúrò. O mọ̀ pé wọn kì í fún àwa tó wà nídìí bẹ́líìtì láyè àfi ká so ó mọ́ ìsinmi ọdún. Mo bá ka ààwẹ̀ lórí ìka. Bí a bá gbà á ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. A ó kírun ní yídì, a ó lọ bá Ìyá wa ṣọdún, ilẹ̀ Ọjọ́rú á mọ́, a ó gbéra. Nùréènì ní bó bá wá pé ọgbọ̀n ńkọ́. Mo ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la gbà lọ́dún tó kọjá. Mo sanwó fún Ọjọ́rú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, gbogbo ilé jáde láti wá oṣù. Àpò wa ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aisha ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé, “Mọ́mì, mo rí i, òun nìyẹn.” Gbogbo wa wò ó. Oṣù náà ń rìn, ó tún ń ṣẹ́jú pupa. Ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ balẹ̀ ní Ìkẹjà ni. Abdulkabir, wẹ́dà tó ń jó irin, tó wà ní yàrá kejì sí wa, ní, “Aisha, oṣù tìẹ yìí ní èrò nínú o. Ó dà bíi pé Kánò ló ti ń bọ̀.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé wọn ò rí oṣù, ààwẹ̀ máa pé ọgbọ̀n. Ọdún bọ́ sí Ọjọ́rú, aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú náà sì ni bọ́ọ̀sì wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbààwẹ̀ lọ sí Maryland. Ọmọkùnrin Èkìtì kan tó ń jẹ́ Job ló jókòó síbi tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sún un sí Ọjọ́bọ̀.

“Màdámù, èyí tí ẹ rà yìí, owó ti kúrò lórí ẹ̀. Kì í yí ọjọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọdún ló bọ́ sí ọjọ́ náà. Oṣù ò yọ.”

“Ṣé ẹ ti bá oṣù ṣàdéhùn kẹ́ ẹ tó rà á ni? Ẹ ò bá ti bi àwọn Àlùfáà yín.”

“Àwọn Àlùfáà gan-an, ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni pé kí n ra òmíràn fún Ọjọ́bọ̀, fún ẹni mẹ́rin, ní owó tó pé. Owó náà wà nínú àpò mi, Ọládùnní. Owó ilé-ìwé sáà kẹta àwọn ọmọ ni. Mo fọwọ́ kàn án, mo sì yọ ọwọ́ kúrò.

Ìyá wa gan-an ní ká máa lọ, pé kò sóhun tó burú bí a bá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ nìyí tí a ó ṣe láti ìgbà tí Bàbá, ọkọ wọn, ti kú. O mọ bí Bàbá ṣe máa ń di Nùréènì lọ́wọ́ mú lọ sí yídì, títí ó fi di ẹni tó níyàwó. Ta ló máa jókòó ti Ìyá wa nígbà tí àwọn èèyàn bá ń wá kí wọn? Nùréènì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. Bí mo ṣe rí i tó ń yọ aṣọ àwọn ọmọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pè ọ́ láti sọ fún ọ pé a ò lè wá mọ́, owó ìpè sì tán kí n tó ṣàlàyé. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, mò ń wẹ Shuaib fún yídì, ó bi mí pé ṣé bọ́ọ̀sì ti lọ. Mo ní ó ti lọ. Ó ní, “Ta ló wá jókòó sáyè mi?” Mo bu omi sí i lórí.

Nígbà tí ohùn rẹ wá dé, Ìyá wa wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Wọ́n ní, “Ta nìyẹn? Ṣé kì í ṣe Ọládùnní tó ń jẹ igẹ̀ nìyẹn?” Wọn ò gbàgbé rẹ. Gbogbo Iléyá tí a ti ṣe lẹ́yìn rẹ ni mò ń ya igẹ̀ àgbò sọ́tọ̀ fún ọ kí n tó rántí pé o ò sí nítòsí. Wọ́n ní kí n tún ohùn náà gbé sí i. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà náà ṣì dára títí di ìparí oṣù kẹfà, wọ́n ní Iléyá máa bọ́ sínú oṣù kẹfà. Mo ní, “Ìyá, oṣù yìí kan náà ló tún máa dójú tì mí.” Ìyá wa kọjú sí mi, wọ́n ní:

“Ìtúnu ni wọ́n ń sọ fún ni ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la. Iléyá ńkọ́? Bí oṣù bá ti yọ, ó ṣì ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ọdún tó dé. Ìwọ tí o mọ ìṣirò tó báyìí, ẹ̀sìn wo lò ń ṣe?”

Ojú tì mí. Mo ní bí a bá dúró kí oṣù yọ, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n san án bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Nùréènì má ra àgbò lọ́dún yìí, kó bá Abdulkabir àti àwọn márùn-ún mìíràn da owó ra màlúù, kí ẹni méje pín in, ẹ̀sìn gbà bẹ́ẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́kù ni ká fi wọ ọkọ̀.

Nùréènì fajú ro. “Kí n wá máa gba ẹran nínú ọ̀rá? Kí gbogbo àdúgbò máa ṣọdún, kí àgbò má ké nílé tèmi?”

“Èyí tó ké lésìí ńkọ́?” Ìyá wa ni. “Ìwọ lò ń sùn, ìyàwó ẹ ló ń gbá ìgbẹ́ ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Lálẹ́ ó lọ kan ilẹ̀kùn Abdulkabir.

Nítorí náà, bí Ọlọ́run bá fẹ́, bí oṣù bá ti yọ, n ó lọ bá Job ní Maryland láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òun náà ló bá mi bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà yìí. A ó ṣọdún, a ó pín màlúù, n ó din igẹ̀ tìrẹ gbẹ dáadáa kó má baà bàjẹ́ kó tó kọjá ibodè, ìdájí ọjọ́ kejì la ó wọ ọkọ̀. N ò tíì san owó tó pé fún nǹkan kan rí láyé mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jà. Èyí, n ò ní jà.

Bá mi kí bàbá Níyì. Kí Níyì, sọ fún un pé Aisha ní òun ò ní bẹ̀rù bí kẹ̀kẹ́ bá dé òkè. Fi ẹnu ko Ayọ̀mípọ̀sí lẹ́nu fún mi. Ìyá wa ní kí n kí ọ kí ó pọ̀.

Ó ku ohun kan. Bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ kan sí i. Láàárọ̀ yìí mo gbé Shuaib dúró ti ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ ti kọjá àmì. Mo kọ́kọ́ ń ro owó náà, lẹ́yìn náà ni mo rántí pé láti ìgbà tí mo ti bí i ló ti ń ga bọ̀ wá síbẹ̀, o ò sì tíì fojú kàn án rí. N ò ní wọ̀n ọ́n mọ́. Ìwọ ni kí o gbé e dúró ti igi ẹnu ọ̀nà náà fúnra rẹ.

Èmi tó ṣì ń wo apá òsì bẹ́líìtì,

Sùlíyá