Màmá, Ìdí Tí Mo Fi Ṣọdún ní Japan

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Stapleton ní New York níbí, orúnkún mi wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, òtútù sì ń gba abẹ́ fèrèsé wọlé. Mo kí Bùrọ̀dá Délé àti ìyàwó wọn. Mo kí gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, pàápàá ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rọra kà á, ẹ má fo ibì kankan. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ ọ́ sí, nítorí pé láti ìgbà ọdún Kérésì, Màmá ò gbé fóònù mi mọ́.

Bùrọ̀dá ti sọ gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi. Ẹ ní ọmọ tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ẹ ti ń gbààwẹ̀ lé lórí láti ọjọ́ yìí wá, ilé onílé ló kọ́kọ́ sáré lọ. Wọ́n ní ẹ ti fọ yàrá mi, ẹ ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ rántí Màmá Fumiko, ìyá àgbà ará Japan tí mò ń tọ́jú ní Tompkinsville, àdúgbò kejì sí tiwa. Ọjọ́ tí ìdánìkanwà bá fẹ́ pa mí nílùú yìí, àwọn ni mo máa ń bá ṣeré. Ẹsẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ran ilẹ̀ mọ́, ojú wọn sì ti ń ṣú. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá sí Amẹ́ríkà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, wọn ò padà sílé rí. Ìyá wọn kú, wọn ò lè lọ. Bí ọdún ṣe ń sún mọ́lé, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣọdún kan sí i nílé kí ojú àwọn tó fọ́ pátápátá, ọmọ àwọn ò ráyè, èmi nìkan ni àwọn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, ẹ mọ̀ pé n kì í lè wo ojú àgbà kí n sọ pé rárá.

Ha, Màmá! Ẹ̀rín ni òtútù New York lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Akita, agbègbè wọn. Yìnyín tí wọ́n kó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ga jù mí lọ. Níbí, bí yìnyín bá bọ́, kálukú á ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Ní tiwọn, ìgbà yẹn gan-an ni ọdún dé. Wọ́n ń gbá iwájú ilé ara wọn, wọ́n ń fún ara wọn ní tíì gbígbóná. Mo kan sáárá sí wọn.

Wọ́n gbé odó síta. Odó o, Màmá! Ìrẹsì tó ń lẹ̀ ni wọ́n ń gún, òòlù igi ni wọ́n sì fi ń gún un. Bí ẹnì kan bá ti lù ú, ẹnì kejì á yára ti ọwọ́ bọ odó, á yí ìrẹsì náà padà kí òòlù tó tún balẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé òòlù fún mi. Ọmọ Ṣakí ni mí, ta ni yóò kọ́ mi ní gígún? Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó kúnná tán, mo fọwọ́, mo jókòó, mò ń retí ọbẹ̀. Ṣúgà ni wọ́n gbé wá! Ṣúgà àti sóyà lílọ̀. Mo jẹ ẹ́ ṣáá, ó sì dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, àwọn tí wọ́n ń pè ní Namahage dé. Ọkùnrin àdúgbò ni wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ koríko, wọ́n fi ìbòjú oníwo bo ojú, wọ́n ń ké ramúramù kiri ilé, wọ́n ń bá ọ̀lẹ àti aláìgbọràn wí kí ọdún tuntun tó wọlé. Bí ilẹ̀kùn ṣe dún gbà, mo ti dojú délẹ̀, mo ti fi súẹ́tà borí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé obìnrin kì í wo eégún lójú? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dìde, pé koríko tó bá já bọ́ lára wọn, obìnrin gan-an máa ń ṣà á, á dì í mọ́rí kí ara rẹ̀ lè le. Ìyá ìjọ, ẹ fọkàn balẹ̀, n ò bọ nǹkan kan.

Àṣà wọn ni pé bí wọ́n bá ń bá ará ilé wí, baálé á bu ọtí fún wọn, á sì bá ẹni náà bẹ̀bẹ̀. Àbúrò Màmá Fumiko lọ́kùnrin ni baálé. Ìyàwó rẹ̀, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ń túmọ̀ sí mi létí. Àwọn Namahage jágbe mọ́ Màmá Fumiko pé ṣé obìnrin tó lọ tí kò bojú wẹ̀yìn nìyí, tí ìyá rẹ̀ retí rẹ̀ títí tó fi kú? Màmá Fumiko forí kanlẹ̀. Àbúrò wọn bu ọtí, ó ní kí wọ́n ṣàánú, ó pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ti dé. Ni wọ́n bá nawọ́ sí mi: ta nìyí? Baálé ní èmi ni ẹni tó mú ẹ̀gbọ́n òun wálé.

Màmá, omi bọ́ lójú mi. Mo mú ọmọ ọlọ́mọ wálé fún wọn, ìyá tèmi sì wà ní Ṣakí tó ń wo ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Màmá Fumiko, wọ́n ní inú àwọn dùn pé ẹnì kan bá àwọn wí. Wọ́n ní ìyá àwọn ló yẹ kó ṣe é, àmọ́ àwọn pẹ́ jù, àwọn oníbòjú nìkan ló kù. Wọ́n bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ni mo wá ń ṣe nídìí ẹsẹ̀ àwọn?

Màmá, mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni màá wọlé. Bùrọ̀dá Délé á fẹ́ bá mi bẹ̀ yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀, kí ẹ bá mi wí títí tí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.

Olúwa á dá yín sí fún mi, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, àti gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yín tó ń bọ̀ wá gba ìbáwí.