Mílíìkì Tó Gba Imú Jáde

Màmá,

Ẹ má gbé oúnjẹ ọmọ wá sí ọsibítù mọ́. Wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Aṣọ ni mo sáré wá mú, ẹ ò sí nílé.

Gbogbo wọn ló ti pé dè wá láàárọ̀: dókítà tó fẹ́ rán àjà ẹnu ọmọ tó là látinú oyún, dókítà etí, èyí tó ń fúnni lóògùn oorun, títí kan olùkọ́ tó máa kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ. Wọ́n bi mí bóyá ó ti jẹun. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé rárá. Bí oorun ṣe gbé e lọ báyìí, mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú rẹ̀ jáde. Àjà ẹnu tó là kì í pa àṣírí mọ́. Mílíìkì náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí báyìí.

Mo rí ṣíbí tí ẹ fọ̀ pa mọ́. Mo mọ̀ pé ẹkún rẹ̀ ló ṣe yín láàánú nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣáà sọ ọ́ lójú yín pé kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹ ní ṣé òun bímọ rí ni.

Ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kí wa.

Wọ́n bi mí ta ló fún un. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ dá fún un lóúnjẹ mọ́.

Ọkọ mi dúró tì mí nígbà tí mo sọ ọ́. Ó gbà mí gbọ́, Màmá. Kò tíì wojú mi látìgbà náà.

Ìyàwó yín