Oyin Tí Ọkọ Mi Kò Lá

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ìgbéyàwó wa ò tíì pé oṣù kan, ayọ̀ ṣì ń gbé mi fò láàárọ̀. Mo ra ṣokoléètì purotéènì mẹ́rin ní ìlú Irving, ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn tí wọ́n ṣe bíi súìtì, tí ṣúgà wọn ò tó nǹkan. Èmi àtọkọ mi ń tọ́ wọn wò, à ń fún wọn ní máàkì. Ọ̀kan korò bí ewúro!

Mo ròyìn wọn fún màmá ọkọ mi lórí fóònù, ọkọ mi náà ń gbọ́ ohùn wọn.

“O káre, ìyàwó wa! Ìwọ lo máa bá wa ṣọ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ báyìí.”

N ò gbọ́ ọ rí pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ọkọ mi sorí kodò. “Ẹ̀rù ló bà mí, pé o ò ní fẹ́ mi mọ́.”

Oyin ìdána wa, ètè lásán ló fi kàn án. Mo rò nígbà náà pé ìtìjú ni.

Ká ní ó sọ fún mi, ǹ bá ṣì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nítorí àṣírí tó fi pa mọ́ fún mi, ṣokoléètì tó korò jù ni mo dì sí báàgì iṣẹ́ rẹ̀.